Òkúta Inú Àpótí Òjé

Àpótí òjé ṣófo. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni, lọ́dún 1957, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Tokoin, ní Lomé. Òkúta uranium tí Olùkọ́ Àyàndá ti fi ọdún mẹ́ta ṣèwádìí ti pòórá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló yẹ kí ọkọ̀ òkun gbé òun àti òkúta lọ sí Paris, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi í ṣe olùkọ́ àgbà nípa òkúta tó ní agbára átọ́míìkì. Bí ò bá sí òkúta, kò síṣẹ́.

Láwàl, olópàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, ò lè jókòó. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò.

Yàtọ̀ sí Àyàndá, ẹni mẹ́ta ló wọ yàrá tí àpótí náà wà lọ́jọ́ Sátidé. Àlíù tó ń gbálẹ̀ ní òun ò fọwọ́ kan àpótí. Jérôme, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Àyàndá tó ti wá iṣẹ́ Paris yẹn tì, fara ya. Ó ní ṣé torí pé òun ò ríṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń wo òun bí olè. Julienne, ìyàwó Àyàndá, ní òun gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, òun sì mú ẹ̀wù funfun ọkọ òun lọ sílé lọ fọ̀, bí òun ti í ṣe ní gbogbo Sátidé. Àwọn yòókù máa ń fi tiwọn kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Gbogbo wọn ló ní àlàyé.

Láwàl bi Àyàndá pé kí ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà láyà ẹ̀wù funfun tí gbogbo wọn ń wọ̀ níbẹ̀. Àyàndá ní fíìmù fọ́tò ni, tí wọ́n fi bébà dúdú wé. Òkúta náà ní ìtànṣán tójú kì í rí. Bó bá pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, fíìmù á dúdú. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi tuntun síbẹ̀.

"Ẹ fọ àwọn fíìmù náà ká wò wọ́n," ni Láwàl wí.

Ti Àlíù mọ́. Ti Jérôme mọ́. Ti Àyàndá dúdú bí ìdí ìkòkò.

Jérôme rẹ́rìn-ín. Láwàl ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù yẹn ò sí nílé-ẹ̀kọ́ láti Sátidé títí di àárọ̀ yìí. Ibi tí ẹ̀wù sùn ni òkúta sùn.

Nílé Àyàndá ní Ablogamé, Julienne ò jiyàn. Ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó tú gèlè kan, òkúta nìyẹn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ fọwọ́ ló mú kọ́kọ́rọ́ àpótí òjé lápò ẹ̀wù. Nígbà tó wá fọ ẹ̀wù tán, ó lọ̀ ọ́, ó so fíìmù padà, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí aṣọ kó má baà rún. Ìtọ́jú ọkọ ló tú u láṣìírí.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró dè yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sókè òkun," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ìyá mi kú, èmi nìkan ni mo sin wọ́n. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Láwàl mú ìwé jáde, ó bi wọ́n pé orúkọ ta lòun máa kọ. Àyàndá fi gèlè náà wé òkúta padà, ó ní:

"Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ sápò ẹ̀wù."

Láwàl mọ̀ pé Paris ò ní gba ẹni tó gbàgbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ sápò. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Àyàndá ní kó kọ ọ́.

Julienne bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ Láwàl mú, ó ní kó má kọ ọ́, òun lolè, òun ni kó kọ. Àmọ́ Láwàl ti kọ ọ́ tán.