Òwú Pupa Lára Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Mo ju sípánà mọ́lẹ̀. Ó ta lu ilẹ̀kùn páànù gbàà, àwọn oníbàárà méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sì fò dìde bí ẹni pé àwọn ni mo jù ú mọ́.

"Tún un sọ," ni mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

"A ò lè dúró di ìgbà tí o bá parí ìdánwò mọ́," ló dáhùn. Ṣéènì tó ń fi epo pa ló ń wò, kò wo ojú mi. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbéra. Bí a bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yìnyín á ti bo òkè ńlá yẹn kí a tó débẹ̀, wọ́n á sì ti ọ̀nà pa."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ló gbẹnu sọ fún un. "Àbí kò tíì sọ fún ẹ ni? Ó ti tó oṣù kan tó ti sọ fún wa o."

Oṣù kan!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń ya wèrè ni. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tún ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù wọn yìí sì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà "ìwọ" ni mo máa ń pè é bí Màmá kò bá sí nítòsí. Gùn-ún-lọ ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, torí pé kò sí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé wá tí kò ní kọ́kọ́ gùn yí àdúgbò ká. Ọdún méjì gbáko ni àwa méjèèjì fi gbèrò ìrìn àjò kan: láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí títí dé etí òkun tó wà ní ìpẹ̀kun kọ́ńtínẹ́ǹtì kejì, lórí kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo lẹ máàpù mọ́ ògiri. Èmi ni mo wá gbogbo ibi tí a ti lè rí omi nínú aṣálẹ̀. Èmi ni mo kọ lẹ́tà nítorí físà títí ìka fi ń ro mí. Tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, gbà láti bá wa lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn òbí wa gbà. Wàyí o, wọ́n fẹ́ fi èmi nìkan sílẹ̀ bí ẹrù tí kò wọnú àpò.

Bàbá mi yọjú láti inú yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ wọn dúdú fún gíríìsì. "Ìwé ẹ ló ṣáájú," ni wọ́n wí. "Kẹ̀kẹ́ ò ní sá lọ."

"Kẹ̀kẹ́ náà ló ń sá lọ yìí, Bàbá!"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣe é, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni mo fi ṣe é. Sípóòkì mẹ́rìndínlógójì, àwọn irin tín-ín-rín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni mo fi so àárín rẹ̀ mọ́ ríìmù, tí mo ń fi sípánà fún wọn kí wọ́n le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí mo ń ṣe é ló ti mọ̀ pé òun kò ní mú mi lọ, tó sì ń yìn mí pé, "Ọwọ́ ẹ mọ́ o, àbúrò mi." Ó pa ẹnu mọ́ kí n lè parí iṣẹ́ náà fún un ni.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí a bá ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun, a gbọ́dọ̀ fi ẹrù tó wúwo gùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta, torí pé sípóòkì tuntun máa ń dẹ̀ bó bá ti gbé ẹrù. Lẹ́yìn náà la óò tún gbogbo wọn fún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fún un tán ló máa so òwú pupa mọ́ ọn lára. Bí òwú pupa bá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá mi pàápàá kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ náà padà wá. "Jọ̀ọ́, bá mi fún un lẹ́ẹ̀kejì," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ."

Mo dúró ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, mò ń mí bí ewúrẹ́ tó sáré. Mo fi ìka ta sípóòkì kan. Èyí tó bá fún dáadáa máa ń dún. Kò dún. Mo mọ̀ pé ó ti dẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Jẹ́ kó lọ fún un fúnra rẹ̀, ṣebí kò nílò mi." Mo gé òwú pupa, mo so ó mọ́ ọn, mo sì pariwo pé, "Ó ti ṣe!"

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. N kò gbàgbé, ojú ò sì kán mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbéra, Bàbá tẹ bíréèkì kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wò, wọ́n fa ṣéènì, wọ́n mi ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n rí òwú náà, wọ́n sì kàn fọwọ́ tọ́ ọ. Màmá mi, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán gbogbo àpò ara kẹ̀kẹ́ náà, ń nu ojú. Mo wà nínú yàrá, mo gbá ìwé mọ́ àyà, mi ò jáde lọ kí i pé ó dàbọ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà. Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Nǹkan kan ń dún lẹ́yìn. Mo ti yẹ gbogbo ara kẹ̀kẹ́ wò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni. Kí lo rò?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìlà kan péré ni mo nílò láti kọ: mi ò fún un lẹ́ẹ̀kejì, dúró. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìbínú náà kò sì tíì tán. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹrù ẹ ló wúwo jù."

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá Bàbá nídìí iṣẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn kò gbá mi. Wọ́n rọra gbé sípánà sílẹ̀, wọ́n sì ní, "Mo rí òwú yẹn. Mo rí i, mo sì fi ọmọ mi sórí ẹ̀."

A pe fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó nínú tọkọtaya olùkọ́ náà ló gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni sípóòkì mẹ́fà já lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kékeré kan, kí wọ́n tó dé òkè ńlá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú. Egungun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́.

Oṣù méjì ló fi dùbúlẹ̀ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ọ̀nà orí òkè ńlá náà dí mọ́ wọn lójú, wọ́n sì ní láti dúró títí yìnyín fi yọ́. Kò dáhùn ìpè mi rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá gba ike tí a ká òwú pupa mọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo bá ṣe, wọ́n á ta sípóòkì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú àwọn oníbàárà, èmi á sì dúró bí olè.

Ó tó ọdún kan kí àwòrán náà tó dé: ẹ̀gbọ́n mi àti tọkọtaya olùkọ́ ní etí òkun, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ wà nínú omi. Wọ́n parí rẹ̀! Màmá jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká. Èmi wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nínú àwòrán náà. Òmíràn ni. Kò sí òwú lára rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, kò tíì jókòó tó fi ju òwú pupa tó ti ṣá sórí tábìlì níwájú mi.

"Kì í ṣe ìṣubú yẹn ló ń bí mi nínú," ló wí. "Inú bí ẹ, ó yé mi. Mo tàn ẹ́ jẹ, èmi náà jẹ̀bi, má bínú. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ́! Mo bi ẹ́ léèrè, o sì parọ́ fún mi! Obìnrin tó bá mi ṣe ẹsẹ̀ mìíràn níbẹ̀ bi mí pé ta ló so òwú yìí. Mo ní àbúrò mi ni, pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ó kàn wò mí, ó sì mi orí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sípóòkì rẹ̀ lójú mi. Mẹ́rìndínlógójì. Kò fo ọ̀kan. Gbogbo wọn ló dún, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọwọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, wọ́n lè ṣẹ̀ yín, inú sì lè bí yín. Ẹ pariwo, ẹ ju sípánà mọ́lẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú yín sínú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀mí rẹ̀ lé. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ òtítọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bi yín, torí pé ó lè má sí ìgbà kejì.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá ara wa ṣeré padà díẹ̀díẹ̀. Máàpù tuntun ti wà lára ògiri, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ sì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ike òwú pupa ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá. Mi ò tíì tọrọ rẹ̀.