Koríko Inú Àwo Òdòdó

"Orathai, ní kí àbúrò rẹ ṣàìsàn lọ́la o!" Rattana ń to òdòdó ìgbá àti koríko sínú àwo bó ti ń sọ̀rọ̀. "Kó tó fi orúnkún rìn dé iwájú Ọ̀gá ilé ìwé, ilẹ̀ á ti ṣú!"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Duangjai fúnra rẹ̀, ọmọ àbúrò ìyá Orathai, bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ kì í tètè yé e, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti yé e kì í kúrò lórí rẹ̀.

Orathai nìkan ló mọ ohun tí Ọ̀gá ilé ìwé sọ fún ìyá wọn àgbà: bí Duangjai bá da Ọjọ́ Ìjúbà Olùkọ́ ti ọ̀la rú, níbi tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti ń fi orúnkún rìn gbé àwo òdòdó lọ kí olùkọ́, yóò lọ sí ilé ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi rẹ̀, ní ìlú tó jìnnà. Bó bá sùn sílé lọ́la, kò séwu.

"Bí a bá fi í pamọ́, àwa fúnra wa la lé e," ni Orathai dáhùn. "Èmi àti ẹ̀ la jọ máa gbé àwo."

"Ìka ò dọ́gba o!"

"Ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ṣáà wà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi orúnkún rìn wọ gbọ̀ngàn. Ní ìdajì ọ̀nà, koríko inú àwo já bọ́. Duangjai dúró. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó ń ṣa koríko. Ẹ̀rín sọ.

"Fà á, jàre!" Rattana sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀yìn wọn. Orathai kò fà á. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó dúró dè é.

"Kí ló dé, ọmọ yìí?" Ọ̀gá béèrè.

"Koríko ló bọ́, sà," ni Duangjai dáhùn. "Òdòdó ìgbá ń tẹrí ba fún olùkọ́. Koríko ń tàn kálẹ̀ bí ẹ̀kọ́. Bí kò bá sí, a ò tíì kí yín tán."

Ọ̀gá sún mọ́ wọn.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Orathai ló dáhùn: "Kíláàsì wa ni, sà. Ibẹ̀ náà ni kí Duangjai wà."

Kíláàsì wọn kò gba ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún kíláàsì tó bá ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ náà. Rattana bínú, kò fún Orathai ní mángòrò oníyọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àga Duangjai láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí wọ́n sì máa fi àkókò kún tirẹ̀ nínú ìdánwò. Rattana wo àga náà títí.

"Duangjai, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti ẹ ni. Ṣùgbọ́n di koríko yẹn mú o!"

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá kò bẹ̀ wá pé ká gbé òun jù sílẹ̀ lọ́nà. Ká dúró dè é ló kù, nítorí ibi kan náà ni gbogbo wa ń lọ.