Orúkọ Tí Maino Pè

Ọmọ jòjòló tí ìyàwó Chunku bí mu ọmú, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ibà kò ṣe é, ejò kò bù ú jẹ. Lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Santal ní ilẹ̀ Íńdíà, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, Sugi, ìyá Chunku gan-an, ni wọ́n ń pè ní àjẹ́. Wọ́n ní ẹyẹ kan ń ké lórí òrùlé rẹ̀ lóru. Orí òrùlé ta ni ẹyẹ kì í ti í ké? Chunku lé ìyá rẹ̀ lọ sí ahéré etí oko. Wọ́n ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kó kúrò ní abúlé pátápátá.

Ẹ̀sùn náà ni pé ó mọ orúkọ òrìṣà ilé. Àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni bàbá ń sọ orúkọ yẹn sí létí. Obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n, àjẹ́ ni.

Ẹnu Maino, ọmọ-ọmọ Sugi tó ń gbé ilé ẹ̀kọ́ nílùú, lọ̀rọ̀ ti jáde. Àwọn ọmọ ìlú ń pè é ní ará oko. Kó lè dẹ́rù bà wọ́n, ó ní màmá àgbà òun ti sọ orúkọ náà fún òun, ó sì pe orúkọ kan. Salge, ọmọ abúlé wọn tí wọ́n jọ wà nílé ẹ̀kọ́ náà, gbọ́, ó sì gbé e délé nígbà ìsinmi ọdún òdòdó, ṣáájú kí ọmọ náà tó kú. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó tún orúkọ náà pè. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tí Salge padà dé ilé ẹ̀kọ́, ó ní, “Wọ́n ti lé màmá àgbà ẹ síta o. Orúkọ tó o pè yẹn ló fà á.”

Ojú ti Maino débi pé kò lè jẹun. Ó kọ̀wé sí màmá àgbà pé ara òun le, pé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ dára, ó sì fà á ya. Màmá àgbà kò mọ̀wé. Olórí abúlé ló ń ka lẹ́tà fún un, lójú gbogbo ayé. Ohunkóhun tó bá kọ, gbogbo wọn ló máa gbọ́ ọ.

Ó kọ ọ́ ṣá.

“Màmá àgbà, irọ́ ni mo pa. Ẹ ò sọ orúkọ kankan fún mi rí. Kuili ni mo pè, orúkọ ewúrẹ́ tí obìnrin tó ń se oúnjẹ wa ń sìn. Ẹ má bínú. Mi ò lójú tí màá fi wá sílé mọ́.”

Nígbà tí olórí abúlé kà á, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára panu mọ́. Chunku, àkọ́bí Sugi, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ orúkọ gidi, dorí kodò. Ó dìde láti gbé ẹrù ìyá rẹ̀ padà sílé.

“Gbé e sílẹ̀,” ni Sugi wí. “Ìwọ nìkan lo mọ orúkọ ọ̀hún, Chunku. O ò tiẹ̀ bi mí.”

Ó ní kí olórí abúlé bá òun kọ èsì, kó má sì fi tiẹ̀ kún un. Ẹ̀yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ ni Maino ti kà á:

“Wá sílé nígbà ìsinmi. Má gba inú oko yọ́ wọlé. Àárín abúlé la máa gbà, lójú gbogbo wọn. Èmi ni màá dì ọ́ lọ́wọ́ mú.”