Orúnkún Tí Èmi Kò Gbẹ́

Orúnkún méjì ni mo kọ́kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ èmi ò gbẹ́ orúnkún kankan.

Ọkọ̀ apẹja ni mo gbẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ nínú yàrá mi ní Bundung, ìtòsí Banjul, lórí línó, rọ́bà líle tí àwọn onílé ńlá máa ń tẹ́ sí ilẹ̀ yàrá wọn. Bí ó bá ti gbó, ó máa ń le koko, nítorí náà mo máa ń sá a sí oòrùn títí yóò fi rọ̀ kí n tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ohun tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò, funfun ni yóò jẹ́ lórí bébà. Ohun tí ọ̀bẹ kò bá kàn ni yíǹkì máa ń mú. Iṣẹ́ náà kì í purọ́, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Mo yí yíǹkì sí i, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á dáadáa, mo sì ká bébà náà kúrò láti igun kan. Ọkọ̀ mi yọ. Lábẹ́ ọkọ̀, níbi tó yẹ kí omi ti dúdú, orúnkún méjì funfun wà níbẹ̀, àti àtẹ́lẹwọ́ méjì, bíi ti ẹni tó kúnlẹ̀ tó ń fọ ilẹ̀.

Mo fọwọ́ pa línó náà. Ó ń dán. Kò sí ojú ọ̀bẹ kankan níbẹ̀.

Mo tẹ ìkejì. Ẹni náà ti sún síwájú. Irun rẹ̀ ti yọ báyìí, dídì mẹ́rin tó rọ̀ wálẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Kò gbójú sókè. Lórí ìkẹta, mo rí ìka rẹ̀ kedere: ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ká bí ìwọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bébà máa ń yí nǹkan padà: ọ̀tún bébà, òsì línó ni. Ìka kékeré ọwọ́ òsì nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà èbúté Banjul kọjá ló ti gbọ́ nípa ìka yẹn.

Isha ló ń sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀pà sísun ló ń tà níbẹ̀, ó sì máa ń dá àwọn awakọ̀ lọ́rì dúró: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí Jainaba ọmọ mi lókè odò? Ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ ká." Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Jainaba nílé Mama Georgiana, obìnrin Aku kan, ìran àwọn ẹrú wa tí wọ́n dá sílẹ̀ tó tẹ̀dó síbẹ̀, opó Horace tó jẹ́ akọ̀wé. Ní ọdún 1967, Mama ní ọmọ náà jí ẹ̀wọ̀n wúrà òun, ó sì sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọdún méje ni wọ́n fi ń pe Isha ní ìyá olè. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ń fẹ́: kí ọmọ rẹ̀ padà wá, tàbí kí ẹnìkan sọ pé kì í ṣe olè.

Línó tí mo gbẹ́, láti ilé Mama Georgiana ni. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ yàrá ìjẹun rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó sì ní kí n wá kó èyí tí wọ́n ká jáde.

Lórí bébà kẹrin, Jainaba ti nà gbalaja. Bàtà gogoro méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ó yẹ kí n gbé e lọ bá Isha lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjàgbé bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Westfield, ti kọ́ wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mama Georgiana ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá.

"Kúṣẹ́ o, Kàfáyàt," ó kí mi, ọ̀rọ̀ wa tó ṣẹ́kù sẹ́nu àwọn Aku. Òórùn sìmẹ́ńtì tutù ṣì wà nínú ilé. Ó wo bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ti rí i?"

"Èmi nìkan, mà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní kí n gbọ́ tẹnu yín ná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé. Wá ní Sátidé. A fẹ́ ṣe àwújọ fún Horace. Bí a bá jẹun tán, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ bá ìyá rẹ̀. Mú bébà rẹ dání. Má fi han ẹnikẹ́ni kó tó dìgbà yẹn."

Mo rò pé bí òdodo ṣe ń rí nìyẹn.

Àwújọ ni oúnjẹ tí àwọn Aku máa ń sè fún òkú wọn. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí àgbàlá, wọ́n á ju oúnjẹ sí i, wọ́n á pe òkú lórúkọ. Òkú á jẹ, á sinmi. Àwọn alààyè á jẹ èyí tó kù.

Ní ọ̀sán Sátidé, Claudius, àbúrò Mama, gbẹ́ ihò náà. Eleanor ìyàwó rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà lé mi lọ́wọ́. Ebi ń pa mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mama Georgiana lóṣòó lẹ́bàá ihò.

"Horace, jẹ." Ó pe bàbá rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Jainaba, jẹ. Jẹ, kí o máa lọ."

Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ọdún méje ló ti ń sọ pé ọmọ náà sá lọ ni.

Mo yí sí Eleanor, mo rọra bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń ṣe àwújọ fún ẹni tí kò kú ni?"

"Jẹ oúnjẹ rẹ, ọmọ Nàìjíríà," ó ní, kò wò mí. "Ó ń tutù."

Claudius ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ihò. Mama nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó yá, ká lọ bá ìyá rẹ̀. Jẹ́ n wo bébà rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ṣí wọn. Ọkọ̀ apẹja ló wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ nìkan, àti omi dúdú lábẹ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ dára," ni Mama wí. "Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, màá gbé e kọ́ sí pálọ̀."

Mo sáré lọ sílé, mo tẹ bébà mẹ́sàn-án sí i. Omi dúdú. Wọ́n ti fi ẹ̀wà bọ́ Jainaba, ẹlẹ́rìí mi, ó ti yó, ó ti lọ. Èmi ni mo sì lọ sọ fún wọn pé ebi ń pa á.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n wú ilẹ̀ yàrá ìjẹun Mama wò. Wọ́n pe Claudius àti Eleanor, àwọn yẹn ní àwọn ò gbọ́ orúkọ Jainaba níbi àwújọ. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé bébà mi sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ṣé torí ọkọ̀ ẹja yìí ni kí n ṣe lọ wú sìmẹ́ńtì onísìmẹ́ńtì?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo wá bá Isha lẹ́nu ọ̀nà èbúté, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò ra ibi dúdú náà.

"Wọ́n pe orúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n pè é, mà."

"Wọ́n pè é ní olè?"

"Rárá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni."

Ó mi orí. "Kí ni wọ́n fún un jẹ?"

"Ẹ̀wà. Ẹ̀wà elépo."

"Ìwọ náà jẹ níbẹ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, mi ò lè pa á. Mo ní mo jẹ.

Isha sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Ó dùn?" ó bi mí, ó sì ń dúró kí n dáhùn.