Ilẹ̀ Tí Ewúrẹ́ Ń Lá

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì bu ajílẹ̀ òyìnbó kún agolo mílíìkì. Mọ́mì wà lọ́jà. Ewúrẹ́ làńlọ́ọ̀dù wa nìkan ló wà nítòsí, òun náà ò ráyè tèmi, ilẹ̀ ló ń lá.

Iyọ̀ ló ń wá. Ẹja oníyọ̀ ni Mọ́mì ń tà, ẹ̀yìnkùlé wa ní Upper Sakponba ni wọ́n sì ti ń da omi iyọ̀ rẹ̀ nù fún ọdún mẹ́jọ. Koríko gan-an ò hù níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, làńlọ́ọ̀dù sọ fún wa pé, "If anything grow here before October, na una get am. If e no grow, my tipper go park there."

Ìrẹ̀wẹ̀sì bá Mọ́mì, ó sì dùn mí. Mo bá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa. Wọ́n ní kúkúndùnkún lè gbìyànjú níbẹ̀, bí Mọ́mì ò bá da omi ẹja síbẹ̀ mọ́.

"Ṣùgbọ́n Gbéminíyì, ajílẹ̀ fúnra rẹ̀, iyọ̀ ni. Ìdérí ìgò mínírà kan péré fún ìtàkùn kan, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí o tún fi díẹ̀ sí i."

"Mo ti gbọ́, sà."

Gbígbọ́ ni mo gbọ́ o. Mọ́mì ò da omi ẹja síbẹ̀ mọ́, mo sì gbin ìtàkùn kúkúndùnkún. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni Osaretin, ọmọ làńlọ́ọ̀dù, ń yọjú lórí ògiri: "Gbemi, your potato still dey sleep?" Ojú tì mí, inú sì bí mi. Bí mo ṣe da odidi agolo sí ìdí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ewé ti jó létí bí àkàrà tí iná pọ̀ jù fún. Osaretin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi sunkún.

Mo jẹ́wọ́ fún Mọ́mì. Mo ti ń retí ìgbátí, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Èmi fi ọdún mẹ́jọ ba ilẹ̀ jẹ́, ìwọ fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá mi parí ẹ̀! Gbé garawa, jàre."

A gbẹ́ ojú àgbàrá, a sì rọ omi òjò sórí ilẹ̀ náà léraléra kó lè ṣan iyọ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé wá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ká po ewé àti èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ọn, ká sì gbin ìtàkùn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ebè, torí orí ebè ni iyọ̀ máa ń kó jọ sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìdérí ìgò ni mo fi wọn ajílẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi láti fi kún un, mo jókòó lé ọwọ́ náà.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ewúrẹ́ ò lá ilẹ̀ wa mọ́. Ewé wa ló ń fojú sí, Osaretin ni mo sì ní kó máa lé e.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, làńlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tipper lọ́wọ́. Mo hú ebè àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ kúkúndùnkún náà ò ju ìkúùkù mi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kún garawa méjì! Mọ́mì sè é, làńlọ́ọ̀dù jẹ mẹ́ta.

"E sweet o," wọ́n ní. "Tipper go find another place."

Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ Osaretin kí n tó rántí pé ọ̀tá mi ni. Ohun rere tí èèyàn bá kánjú dà lé nǹkan lórí lè pa nǹkan náà. Díẹ̀ díẹ̀, lásìkò tó yẹ, ló ń mú un dàgbà. Ìdérí ìgò yẹn ṣì wà nínú àpò ìwé mi.