Ilé tí Obadiah Fi Sílẹ̀ fún Yunifásítì

Ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1983, Obadiah jẹun yó, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kú. Kò sí ibà, kò sí ikọ́. Agatha ìyàwó rẹ̀ ló gbé omi wá fún un, tó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n tó sin ín tán ní Ibereko, àwọn ará ilé ti mọ ẹni tó pa á. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe obìnrin tó bí ọmọ mẹ́ta tó sì sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Abraham, àbúrò Obadiah, ló ṣíwájú wọn.

"Azétọ́!" Ó kọ́kọ́ fi èdè Ẹ̀gùn sọ ọ́, ó tún fi Yorùbá pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Àjẹ́! O jẹ Mojí, o jẹ Elijah, o jẹ Dúrósinmí. Nígbà tí ọmọ tán, o yíjú sí bàbá wọn!"

"Bọ̀ọ̀dá Abraham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo lóyún wọn."

"Tí a bá ti ṣe ogójì ọjọ́ òkú tán, kẹ́rù ẹ, kúrò nílé wa."

Kì í ṣe ilé náà ló ń dun Agatha. Ẹ̀yìnkùlé ló ń rò, níbi tí ibojì kékeré mẹ́ta wà lábẹ́ igi àgbọn. Àràárọ̀ ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Tí wọ́n bá lé e, ta ni yóò máa gbá a?

Àwọn kannakánná tún wá dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ tí Agatha ti ń sá àgbọn sórí páànù fún òróró, tí àwọn ẹyẹ ń wá jí i jẹ, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Lẹ́yìn ikú yìí, Grace, àbúrò Obadiah obìnrin, ka méje lórí òrùlé lọ́sàn-án gangan, ó sì káwọ́ lérí.

"Ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wá pín ẹran o!"

Agatha kó àgbọn rẹ̀ wọlé. Àwọn ẹyẹ kò lọ, wọ́n dúró, wọ́n ń ké nítorí ebi. Ọ̀rọ̀ náà ì bá pani lẹ́rìn-ín, ká ní kò sí òkú nílẹ̀.

Ohun tó burú jù ni pé Agatha fúnra rẹ̀ ti ń ṣiyèméjì. Wọ́n ní àwọn kan ń ṣe àjẹ́ láìmọ̀, ojú oorun ni wọ́n ti ń jẹ ọmọ wọn. Láti ìgbà tí Dúrósinmí ti kú lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bó bá ti jí láàárọ̀, yóò fọwọ́ nu ẹnu, yóò sì wo ọwọ́ náà. Obadiah bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wò.

"Mo ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀."

Obadiah kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ ogójì, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, lọ́yà Sirajudeen gbé ìwé ìhágún wá láti Badagry. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, Obadiah ti ta yanrìn fún àwọn tó ń ṣe títì márosẹ̀, ó sì lówó. Ilé, oko àgbọn, àti gbogbo ohun tó kó jọ, yunifásítì ló fi í sílẹ̀ fún.

Abraham fò dìde. "Fún àwọn àjèjì? Ẹ ò rí i báyìí? Ta ni orí ẹ̀ pé tó máa ṣe irú èyí? Obìnrin yìí ló yí i lórí!"

"Bàbá, ẹ farabalẹ̀. Lẹ́tà wà níbẹ̀." Lọ́yà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á:

"Lọ́dún 1972, lẹ́yìn ikú Dúrósinmí, mo lọ bá àwọn dókítà ní yunifásítì. Wọ́n ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àwọn ọmọ mi. Ọmọ ní láti gbà á lọ́wọ́ bàbá, kó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó wà níbẹ̀. Ìyá mi ti sọ pé Agatha ni àjẹ́. Ojú tì mí láti sọ fún ìyá mi pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa náà. Mo dákẹ́. Kí wọ́n fi ohun tí mo ní wá ìwòsàn àrùn yìí. Kí ìyàwó mi máa gbé inú ilé náà títí ayé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ibojì àwọn ọmọ wa. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò lágbára mọ́."

Abraham rọra jókòó. Grace bú sẹ́kún, ó di ẹsẹ̀ Agatha mú. "Ìyàwó wa, dákun, má bínú."

Agatha kò sunkún. Inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá ẹkún. Ọdún mọ́kànlá ló fi nu ẹnu láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń wò ó.

"Màmá, ó ku ohun kan," ni lọ́yà wí. "Ọkọ yín ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ orúkọ tí ẹ̀bùn náà máa jẹ́ ní yunifásítì."

"Orúkọ Obadiah ni," Abraham wí. "Èwo ni ká tún máa béèrè?"

"Mojí, Elijah, Dúrósinmí," Agatha dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ti bàbá wọn ńkọ́, Màmá?"

Agatha yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Grace, ó sì mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó ti dákẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kó máa dákẹ́ lọ."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.