Ta Ni Yóò Béèrè Rẹ?

Nígbà tí Yúnúsà wa mọ́tò dúdú bọ̀gìnnì wọ Fìdítì lọ́dún 1992, ńṣe ni Olúgbénga bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Ní èṣí, ọ̀kadà kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń gùn kiri agbègbè Afijio, tí wọ́n ń ta maṣíìnì ìránṣọ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Olúgbénga ló mọ ọjà tà jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá létí. Báwo wá ni Yúnúsà, akólòlò lásánlàsàn, ṣe dolówó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọlọ́jà tí Olúgbénga jẹ́. Bó bá pàdé oníbàárà tuntun, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, kó lè mọ̀ bóyá owó wà níbẹ̀. Bí owó bá wà, á la ẹnu, kò ní pa á dé mọ́. "Bí oníbàárà bá ráyè sọ̀rọ̀, á ráyè ronú." Ohun tó máa ń wí nìyẹn, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pa òwe. Bó ṣe ta maṣíìnì oníná fún Fàòsíyà nìyẹn, opó tó ń ránṣọ ní Ìlọrà. Obìnrin náà fẹ́ sọ pé kò síná ní ṣọ́ọ̀bù òun rárá, ṣùgbọ́n Olúgbénga da ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin wa bá ń kọjá ní Ìlọrà, á fi fìlà bojú.

"Mú mi dé ibi tí o dé," ó bẹ Yúnúsà.

"Ẹ̀... ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa béèrè o."

"Kì í ṣáà ṣe ẹ̀jẹ̀ tèmi."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bàbá Obadiah, olóògùn owó tí ilé rẹ̀ wà nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ìlọrà. Oòrùn ń ta, àwọn àgbẹ̀ ń kọ ebè lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kan gbogbo fèrèsé ilé náà pa, inú rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, òórùn ẹran jíjẹrà sì gbòde. Ohùn Bàbá náà tutù bíi ti tíṣà tó ń kọ́ ọmọdé ní Bíbélì. Ó bu omi fún àlejò. Olúgbénga gbé e mu tán. Ọlọ́gbọ́n!

"Yúnúsà ní o mọ ọjà tà," ni Bàbá wí. "Bí o bá kọ́kọ́ rí oníbàárà, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wo bàtà rẹ̀, Bàbá. Lẹ́yìn náà, n kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Èmi máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Ta lo fẹ́ mú wá fún mi?"

"Opó kan ní Ìlọrà. Kò lẹ́nìkan."

"O ṣeun. Ìwọ ńkọ́, o níyàwó?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú. Bàbá mi náà ti kú."

"Ta ló mọ̀ pé o wá síbí?"

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo mọ àṣírí í bò, Bàbá."

Bàbá yíjú sí Yúnúsà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjà tí o gbé wá yìí dára."

Olúgbénga fẹ́ dáhùn. Ahọ́n rẹ̀ ti kú. Àgbọ̀n kú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Ojú àti etí nìkan ló kù. Bàbá ká aṣọ kan kúrò lára ògiri. Àwọn èèyàn ló jókòó síbẹ̀ ní ìhòòhò, igbá lórí oníkálukú. Ojú wọn là sílẹ̀, wọn kò ṣẹ́jú. Àyà wọn ṣì ń lọ sókè sódò. Owó tuntun, tó rin fún itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, ń rọra yọ jáde lẹ́nu wọn. Àyè ẹnì kan ṣófo láàárín wọn.

Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́nu dídùn! Ìtọ̀ nìkan ló lè jáde lára rẹ̀.

Bàbá fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i ní àtàrí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ọfọ̀ bẹ̀rẹ̀:

"Ẹyẹ kì í béèrè ìyẹ́ tó já. Igi kì í béèrè ewé tó wọ́. Ilé kò ní béèrè rẹ, ọ̀nà kò ní béèrè rẹ..."

"Olúgbénga dà?"

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Olúgbénga olè! Mo rí ọ nínú mọ́tò! Jáde wá gba maṣíìnì rẹ!"

Fàòsíyà ni. Ó rí wọn tí wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé maṣíìnì lé itan, ó sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Gbogbo orí tó wà lábẹ́ igbá yí sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

"O ní kò sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀!" Bàbá jágbe mọ́ Yúnúsà.

Fàòsíyà fi maṣíìnì lu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ya. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ẹsẹ̀ Olúgbénga sì jí. Ó rá pálá jáde, ó ti obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń lu ọlọ́kadà léjìká pé kó máa lọ. Ọlọ́kadà ló lójú àánú tó fi dúró kí Fàòsíyà gòkè.

Bí wọ́n ṣe ń sá lọ, wọ́n gbọ́ ohùn Yúnúsà láti inú ilé. "Ẹ dákun, Bàbá! Èmi kọ́! Èmi kọ́ lẹ ní kí n mú wá!" Kò kólòlò rárá.

Lẹ́yìn náà, ohùn Bàbá, tó ti tún tutù: "Jókòó. Mu omi díẹ̀."

Olúgbénga kò dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á bi í léèrè ohun tó bá lọ síbẹ̀. Fàòsíyà ló kó àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn padà lọ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n bá. Kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń ké nínú ilé.

Nígbà tó yá, ìyá arúgbó kan ti Àwẹ́ wá sí Fìdítì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ìyá Yúnúsà ni.

"Ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń rìn. Ṣé o ò rí Yúnúsà?"

Olúgbénga wò ó lójú kòrókòró. Fìlà ló fi bo àpá orí rẹ̀.

"A ò ríra láti èṣí, Ìyá."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un, pé ìyá kan kò ní wá òun náà tì láyé.

Olúgbénga ṣe àmín.